Adájọ́ ti ní kí wọ́n san án, ta ló máa wá gbà á fún ọ?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé tí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè bá ti dé iwájú adájọ́, tí adájọ́ sì ti sọ fún un pé, "Ìwọ Lágbájá, lọ san owó olówó," gbogbo ẹ̀ ti parí nìyẹn, ká ṣáà máa lọ sílé, ká lọ máa retí àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Irọ́ gbuu ni! Ọjọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kóòtù kì í dédé báni gbowó. Ìwé ni wọ́n máa fún ọ, ìwọ lo máa sọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n fi ìwé náà ṣe, tó ò bá sì sọ ọ́, ìwé yẹn á kàn wà nínú àpótí pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi àwọn ọmọ rẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti màmá kan ṣàlàyé. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì tán nílẹ̀. Ìyá olóúnjẹ ni, apá Ṣómólú ló ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà tó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ló ní kó máa gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fáwọn. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, adìyẹ, omi, ojoojúmọ́ ló ń kó o lọ. Oṣù àkọ́kọ́, wọ́n sanwó pé. Oṣù kejì, wọ́n san ìlàjì. Oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí i. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, owó yín ò lè sọnù lọ́wọ́ wa." Nígbà tó máa fi jókòó ṣírò ẹ̀, owó ti di ₦1,860,000. Owó àjẹsẹ́kù ló sì fi ń ra ìrẹsì ọ̀hún o! Àwọn ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ti ń wá a wálé, àwọn méjì tó dúró fún un níbẹ̀ ò kí i mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní poli sì ti padà wálé, torí owó ilé-ẹ̀kọ́ ò sí.

Ẹnì kan ló wá sọ fún un pé kó gba kóòtù gbèsè kékeré lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Small Claims Court. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2018, inú kóòtù Májísíréètì ni wọ́n fi í sí. Gbèsè tí èèyàn lè ṣírò iye ẹ̀ gan-an, tí ò sì ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ni wọ́n là á kalẹ̀ fún. Kì í ṣe dandan kó o gba lọ́yà. Wàá kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sẹ́ni tó jẹ ọ́, wàá fún un lọ́jọ́ mẹ́rìnlá, tí ò bá san án, wàá wá lọ kọ̀wé ẹ̀sùn ní kóòtù. Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó o ti kọ̀wé ẹ̀sùn títí dọjọ́ ìdájọ́, kò gbọ́dọ̀ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Ẹni tó bá mọ bí ẹjọ́ ṣe máa ń pẹ́ nílẹ̀ yìí, tí bàbá á pe ẹjọ́ tí ọmọ á wá gbọ́ ìdájọ́ ẹ̀, á mọ̀ pé ohun tó dáa nìyẹn.

Màmá yìí ṣe gbogbo ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún rán akáńtáǹtì wọn wá, ọmọkùnrin kan tó wọ táì, òun náà ò sì jiyàn, ó ní lóòótọ́ làwọn jẹ oúnjẹ, ọwọ́ ló dí. Adájọ́ ní kí wọ́n san ₦1,860,000, kí wọ́n fi ₦50,000 lé e fún wàhálà tí màmá ṣe. Ó di ₦1,910,000. Ìyá jó délé lọ́jọ́ náà! Oṣù kan kọjá, wọn ò san kọ́bọ̀. Oṣù kejì, bákan náà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, ó lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà sì gbé jíìpù ńlá kọjá lára ẹ̀ nílẹ̀kùn géètì, kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà.

Ìgbà yẹn ló wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fẹ́ kó àwọn sọ́jà lọ bá a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ ọ̀kan."

Mo ní, "Màmá, ẹ má dán an wò!"

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, ohun tó máa wá sí yín lọ́kàn náà nìyẹn: sọ́jà, tàbí àwọn ọmọ àdúgbò, tàbí DPO tẹ́ ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá tọdún 2020, abala kejìlélọ́gbọ̀n, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tẹ́nì kan yẹ̀ nìkan mú un tì mọ́lé. Ẹni tó bá wá kó jàǹdùkú lọ, tí wọ́n fọ́ gíláàsì tàbí tí wọ́n gbá ẹnì kan létí, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn. Ìwọ tí wọ́n jẹ lówó lo máa wá dúró sínú àpótí ọ̀daràn, ajigbèsè á wá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú lọ́yà ẹ̀, á máa wò ọ́. Ó lè ná ọ ju owó tó ò ń wá lọ.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn baba wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbowó. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní ológò. Tí ẹ̀mí gbèsè bá gùn jù, olówó á lọ bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á wọlé ajigbèsè láìkánkùn, á fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo lá máa pa, èébú lá máa bú, adìyẹ tó bá rí, á pa á jẹ, gbogbo ilé ò sì ní í sinmi àfìgbà tówó bá jáde. Ohun tí wọ́n ń pè ní dídógò nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn òṣómàáló dé, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n máa ń tàwìn káàkiri ìlú. Tọ́jọ́ owó bá pé, onítọ̀hún á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á ní lórí ìlóṣòó yẹn lòun máa wà títí owó òun á fi pé. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ yẹn kì í ṣe eré? Ohun tí àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́ ni ìtìjú. Ilé-iṣẹ́ ayé òde òní ò nítìjú. Sẹkiúrítì ló máa bá ọ sọ̀rọ̀ nídìí géètì, sẹkiúrítì ọ̀hún ò sì jẹ ọ́ lówó. Lóde òní, bélíìfù kóòtù ni ológò wa, òun nìkan ni òfin gbà láyè kó wọlé onílé lọ kó ẹrù nítorí gbèsè. Òfin tó fún un lágbára náà ti pẹ́ nílẹ̀, Sheriffs and Civil Process Act ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1945 ló ti wà.

Ó dáa. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi màmá ni pé, "Ta gan-an ni ìwé ìdájọ́ yín sọ pé ó jẹ yín lówó?" Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè yẹn o. Tó bá jẹ́ orúkọ okòwò lásán lonítọ̀hún lọ fi sílẹ̀ ní CAC, bíi "Báyìí-Báyìí Ventures," òun àti okòwò ẹ̀ kò yàtọ̀, òun fúnra ẹ̀ lo máa pè lẹ́jọ́, wàá kọ ọ́ pé òun ló ń fi orúkọ báyìí ṣòwò, ohun tó bá sì jẹ́ tiẹ̀, yálà ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí nílé, bélíìfù lè gbé e. Ṣùgbọ́n tí "Limited" bá wà nídìí orúkọ, ẹ̀dá mìíràn ni ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ lójú òfin. Gbèsè ẹ̀ kì í ṣe gbèsè ọ̀gá ẹ̀. Láti ọdún 1896 tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Salomon nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ làwa náà sì wà. Nítorí náà, jíìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ màmá kọjá yẹn, tí orúkọ ọ̀gá bá wà lára ìwé ẹ̀, màmá ò lè fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Èmi gan-an, ó ń dùn mí! Àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn, àfi tó o bá lè fi hàn kóòtù pé jìbìtì ló fi ilé-iṣẹ́ ọ̀hún bò mọ́lẹ̀, ìyẹn sì ti kúrò ní iṣẹ́ kóòtù gbèsè kékeré. Limited ni tàwọn tó jẹ màmá, orúkọ tó wà lórí ìwé ìdájọ́ náà sì pé, kò kù lẹ́tà kan. Àwọn kan ti sọ owó wọn nù nítorí pé orúkọ tó wà lára sáìnbọ́ọ̀dù ni wọ́n pè lẹ́jọ́, tí kò sì sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Ìbéèrè kejì: "Báńkì wo ni wọ́n ń lò?"

Màmá lóun ò mọ̀. Mo ní, "Oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó pé yẹn, ṣé inú àpò ni wọ́n kó o sí wá ni? Ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì yín." Ó tú fóònù títí, ó rí i. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, báńkì wọn wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má máa pa àlẹ́ẹ̀tì rẹ́ o! Ìwé ìnáwó wọn, rìsíìtì POS wọn, ṣẹ́ẹ̀kì tó padà wá láìsówó nínú ẹ̀ pàápàá, gbogbo ẹ̀ ló máa ń fi báńkì ẹni hàn.

Ohun tá a fẹ́ fi báńkì ṣe ni ohun táwọn lọ́yà ń pè ní garnishee. Ó wà ní abala kẹtàlélọ́gọ́rin òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wàá lọ sọ fún kóòtù pé ilé-iṣẹ́ tó jẹ mí lówó yìí, ó lówó lọ́wọ́ báńkì báyìí, ẹ bá mi dì í mú. Ajigbèsè ò ní í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wàá sọ ọ́, wọn ò tiẹ̀ ní í sọ fún un, ibẹ̀ ló ti dùn. Tí adájọ́ bá gbà, á kọ àṣẹ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní order nisi, pé kí báńkì má jẹ́ kí owó ọ̀hún jáde, kí wọ́n sì wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní í kó o fún ọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ìwé yẹn dé ọwọ́ báńkì àti ọwọ́ ajigbèsè, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa padà jókòó lé e lórí. Ìgbà tí ajigbèsè á fi gbọ́, ilẹ̀kùn ti tì. Tí báńkì bá wá jẹ́wọ́ pé owó wà, tí ò sì sí ìdí kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, adájọ́ á sọ àṣẹ yẹn di àṣekágbá, order absolute, báńkì á wá san án fún ọ.

Kì í ṣe báńkì nìkan o. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ajigbèsè rẹ lówó, wọ́n lè dì í mú bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó rán àwọn òṣìṣẹ́ wá fún ẹ̀kọ́ tí ò tíì sanwó, bí àpẹẹrẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìjọba lowó náà wà, abala kẹrìnlélọ́gọ́rin ní àfi kó o kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà. Ìyẹn tún nìrìn tiẹ̀, mi ò bá yín dé ibẹ̀.

Tí owó báńkì ò bá tó ńkọ́? Ibẹ̀ la ti máa pe fífà. Ẹ má rò pé àwọn FIFA tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ o. Writ of fifa ni, èdè Látìn ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ó bá èdè wa mu? Wọ́n ń fa ẹrù jáde ni! Bélíìfù á mú ìwé yẹn lọ síbi iṣẹ́ wọn, á kó ohun tó ṣeé gbé: jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, kọ̀ǹpútà, àga, tábìlì, mọ́tò tó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà lára ìwé ẹ̀. Yàtọ̀ sí ohun tó lè tètè bà jẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á títí ọjọ́ márùn-ún á fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n kó o, kí onígbèsè lè rí àyè wá sanwó. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sanwó tí kóòtù bá bù fún iṣẹ́ náà, kó o gba rìsíìtì ìjọba, kí wọ́n sì rò ó mọ́ ohun tí ajigbèsè máa san. Ẹni tó bá ní kó o wá fún òun lọ́wọ́ lẹ́yìn kóòtù láìsí rìsíìtì, ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tó o bá sì rò pé ìjà lè ṣẹlẹ̀, kóòtù ni kó o sọ fún, àwọn ni wọ́n máa béèrè fún ọlọ́pàá tó máa tẹ̀ lé bélíìfù, kì í ṣe ìwọ.

Ohun kan wà nínú òfin yẹn tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ èèyàn ló jẹ gbèsè, wọn ò gbọ́dọ̀ kó aṣọ ọrùn ẹ̀ àti ibùsùn òun àti ti ẹbí ẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kó irinṣẹ́ tó fi ń jẹun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iye irinṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, náírà mẹ́wàá ni! Náírà mẹ́wàá, ẹ̀yin èèyàn mi. Tẹ́ẹ́lọ̀ wo ló lè fi náírà mẹ́wàá ra abẹ́rẹ́ lónìí, ká má tiẹ̀ sọ ti máṣíìnì? Ó yẹ kí àwọn aṣòfin ti tún un ṣe tipẹ́. Gbèsè burú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kó máṣíìnì tẹ́ẹ́lọ̀, kí ló máa fi san èyí tó kù?

Ẹ sì tún fojú sílẹ̀ dáadáa, torí tí bélíìfù bá ti gbé ẹrù báyìí, gbogbo ẹrù ló máa ń lólówó mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ á di ti àbúrò ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà á di èyí tí wọ́n yá. Tí ẹnì kan bá wá sọ bẹ́ẹ̀, kóòtù á pe gbogbo yín, onítọ̀hún á mú ẹ̀rí wá. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, rìsíìtì tí wọ́n kọ lánàá ni, tíńkì ẹ̀ ò tíì gbẹ. Nípa ilé àti ilẹ̀, kóòtù Májísíréètì ò lè tà á, kóòtù gíga lo máa lọ, ìyẹn náà sì jẹ́ lẹ́yìn tí ẹrù tó ṣeé gbé ò bá tó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, pé kí kóòtù pe ajigbèsè wá, kó búra, kó ṣàlàyé ohun tó ní. Tó bá jẹ́ èèyàn, tó hàn pé ó lówó tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san án, adájọ́ lè rán an lọ sẹ́wọ̀n, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ilé-iṣẹ́ ò lẹ́sẹ̀ tó lè fi wọ ẹ̀wọ̀n, àmọ́ wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó mọ ìdí owó wá, kó wá tú ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ajigbèsè ti lè bẹ̀bẹ̀ pé kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí kóòtù bá gbà fún un, tó sì ń san án bó ṣe yẹ, o ò ní í lè kó ẹrù ẹ̀ mọ́, nítorí náà, má tètè sọ pé o gbà tí iye tó fẹ́ máa san bá dà bí ẹni ń bu omi fún adìyẹ.

Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ Limited máa ń bẹ̀rù jù wà nínú òfin ilé-iṣẹ́ tọdún 2020, ní abala 572. Tí gbèsè bá ju ₦200,000 lọ, tó o kọ̀wé béèrè fún un lọ́nà òfin, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìsanwó, òfin gbà pé ilé-iṣẹ́ náà ò lè san gbèsè ẹ̀ mọ́, o sì lè lọ sí kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n tú u ká. Kí n má parọ́ fún yín, ẹjọ́ yẹn gan-an nílò lọ́yà, owó ẹ̀ sì lè ju ohun tí màmá ń wá lọ. Àmọ́ lẹ́tà yẹn ò gbówó lórí. Ọ̀gá tó ń wá owó yá ní báńkì ò ní í fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa rìn káàkiri. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí mò ń sọ: níbẹ̀, tí kóòtù bá dá ọ lẹ́bi gbèsè tó ò sì san án pé láàrin oṣù kan, orúkọ rẹ á wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́fà, ẹni tó bá fẹ́ yá ọ lówó á sì rí i.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ o. Tí ọdún méjì bá ti kọjá lórí ìdájọ́, kí wọ́n tó lè kó ẹrù, wàá tún padà lọ gbàṣẹ.

Màmá Ṣómólú lọ gbé ti báńkì. Wọ́n dì í. Nígbà tí báńkì máa fèsì, ₦712,400 ló wà nínú akáǹtì ọ̀hún, adájọ́ sì ní kí wọ́n kó o fún un. Owó alájẹsẹ́kù ló kọ́kọ́ san lára ẹ̀, ọmọ sì ti padà sí poli. Ó ku ₦1,197,600. Ó ti lọ sanwó fífà, wọ́n ti bá a kọ ọ́, ọjọ́ tí bélíìfù máa gbéra ló ń retí.

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday tó kọjá, fóònù ẹ̀ dún. Ọ̀gá àgbà fúnra ẹ̀ ni, ọ̀gá tí ò rí i nídìí géètì. "Màmá, ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti àárín wa dé báńkì? Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́ bí ìyá sọ́mọ."

Màmá ní kò burú, ọmọ òun, kó kọ iye tó fẹ́ san àti ọjọ́ tó fẹ́ san án sínú ìwé, kó mú un wá sí kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́sàn-án, òun á ti wà níbẹ̀.